Owó Orí àti Olówò Titun: Ẹni tí Kò Kọ Ìwé Yóò San Jù

 

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kan ẹnikẹ́ni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀: aránṣọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fúríìdọ́ọ̀mù, mẹkáníìkì tí ó kúrò lábẹ́ ọ̀gá, tíṣà tí ó fẹ̀yìntì tí ó sì ṣí ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí ènìyàn bá ń gba owó oṣù, ọ̀gá rẹ̀ ni í yọ owó orí kí owó náà tó dé ọwọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó dá dúró kò ní ọ̀gá mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ni òfin ń wò lójú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò mọ èyí títí ìwé ìjọba yóò fi kan ilẹ̀kùn wọn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí òfin wí. Òfin owó orí titun tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2025 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026. Ó ní kí a má gba kọ́bọ̀ lórí ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú èrè ènìyàn lọ́dún. Lórí ₦2,200,000 tí ó tẹ̀ lé e, náírà 15 nínú 100 ni. Lórí mílíọ̀nù 9 tí ó tún tẹ̀ lé ìyẹn, náírà 18 nínú 100 ni, ó sì ń gòkè bẹ́ẹ̀ títí ó fi dé 25 nínú 100. Ẹni tí ó ń háyà ilé gbé lè yọ ìdá kan nínú márùn-ún owó ilé rẹ̀ kúrò kí a tó ṣírò, ṣùgbọ́n ohun tí yóò yọ kò gbọdọ̀ ju ₦500,000 lọ. Ilé iṣẹ́ owó orí ìpínlẹ̀ tí o ń gbé ni ìwọ yóò sanwó fún, ọjọ́ 31 oṣù kẹta ni òfin sì dá fún ọ láti mú ìṣirò ọdún tí ó kọjá wá. Ẹni tí kò bá mú un wá, ìtanràn ₦100,000 ni fún oṣù àkọ́kọ́, ₦50,000 sì ni fún oṣù kọ̀ọ̀kan tí ó bá tẹ̀ lé e.

Ẹ kíyè sí i pé èrè ni mo wí, n kò wí pé gbogbo owó tí ó wọlé. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀ràn náà wà. Ká sọ pé aránṣọ kan ní Ìbàdàn pa ₦6,000,000 lọ́dún kan. Òwú, ẹ̀rọ, epo jẹnẹrétọ̀, owó ṣọ́ọ̀bù àti owó àwọn tí ń bá a ṣiṣẹ́ jẹ ₦3,600,000. Èrè rẹ̀ kù ₦2,400,000. Ó ń san ₦500,000 fún ilé tí ó ń gbé, nítorí náà a yọ ₦100,000 kúrò. Ó ku ₦2,300,000. Nínú èyí, ₦800,000 kò ní owó orí. Lórí ₦1,500,000 tí ó kù, owó orí rẹ̀ jẹ́ ₦225,000.

Ṣùgbọ́n bí kò bá ní ìwé kankan ńkọ́? Òfin fún òṣìṣẹ́ owó orí láṣẹ kí ó fi òye ara rẹ̀ díwọ̀n. Bí ó bá rí ₦6,000,000 nínú ìwé báńkì, tí kò sì rí ẹ̀rí ìnáwó kan, tí ó wá bu owó orí lé gbogbo rẹ̀, ₦870,000 ni yóò jáde. Ìyàtọ̀ ₦645,000 nìyẹn. Ìwé kékeré kan tí a ń kọ lálaalẹ́ ni ì bá gba owó náà là.

Ẹ̀yin ará mi, ṣé ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí wa? Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Āyà tí ó gùn jùlọ nínú Al-Kùránì, ìyẹn āyà 282 nínú Súrátùl-Bákárà, ọ̀rọ̀ kíkọ gbèsè sílẹ̀ ni ó dá lé. Ó pàṣẹ kí akọ̀wé kọ ọ́ pẹ̀lú òdodo, kí ẹlẹ́rìí sì wà. Bí Ọlọ́run Ọba bá ka ìwé òwò sí tó bẹ́ẹ̀, ta ni àwa tí a ó máa wí pé orí ni a fi ń rántí? Ìwé kan náà ni yóò sọ fún ọ iye sàká tí ó tọ́ sí ọ, nítorí ìdá kan nínú ogójì kò ṣeé yọ láti inú owó tí a kò mọ iye rẹ̀.

Àwọn kan ń wí pé ẹni tí ó bá yọ sàká kò jẹ owó orí. Ọ̀tọ̀ ni méjèèjì. A ti ka àwọn mẹ́jọ tí sàká tọ́ sí nínú Súrátùt-Táobà, títì ọlọ́dà àti oúnjẹ ọlọ́pàá kò sì sí lára wọn. Àwọn mìíràn ń wí pé ìjọba kò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀dùn yìí tọ́, èmi náà ń gba ojú ọ̀nà kan náà tí ẹ ń gbà. Àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ní ọdún 1947 àti àwọn Àgbẹ́kọ̀yà ní ọdún 1968 kọ̀ fún owó orí tí ó ni wọ́n lára, ìlú sì gbọ́ ohùn wọn. Ṣùgbọ́n gbangba ni wọ́n ti kọ̀ ọ́, wọn kò fi ara pamọ́. Ẹni tí ó ní rìsíìtì lọ́wọ́ ni ó lè bi ìjọba léèrè láìbojú wẹ̀yìn.

Ó ku ọ̀rọ̀ oníṣirò owó, tí a ń pè ní akáńtáǹtì. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó nílò rẹ̀. Ìyá tí ń ta ata, tí èrè rẹ̀ kò tó ₦800,000 lọ́dún, ìwé àti bírò ti tó o. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní òṣìṣẹ́, tí ó ń kó ọjà láti òkèèrè, tàbí tí ó fẹ́ sọ òwò rẹ̀ di kọ́ńpìnnì, kí ó wá amòye. Nítorí ilé iṣẹ́ tí a fi orúkọ òwò lásán forúkọ sílẹ̀ kì í ṣe kọ́ńpìnnì lójú òfin. Ẹni tí ó ni ín ni yóò san owó orí rẹ̀.

Báwo ni a ṣe ń mọ ẹni gidi? Bi í bóyá ọmọ ẹgbẹ́ ICAN ni, tàbí ANAN, tàbí ẹgbẹ́ àwọn amòye owó orí tí a ń pè ní CITN, kí o sì béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ náà bóyá wọ́n mọ̀ ọ́n. Bá àwọn oníṣòwò tí ó ti ṣiṣẹ́ fún sọ̀rọ̀. Jẹ́ kí ó kọ iye owó iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Má ṣe san owó orí sínú àpò rẹ̀. Inú àkáǹtì ìjọba ni kí o san án sí, kí rìsíìtì sì jẹ́ orúkọ rẹ. Má fọwọ́ sí ìwé tí a kò kà fún ọ. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n kà, ọmọ rẹ mọ̀ ọ́n kà.

Ẹni tí ó bá sì sọ pé, “Alhaji, ẹ fi nǹkan díẹ̀ lé mi lọ́wọ́, màá bá yín rí wọn,” ẹ sá fún un. Rìbá ni ìyẹn, ègún Ànábì sì wà lórí ẹni tí ó fún ni àti ẹni tí ó gbà á. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Bí owó tí wọ́n bù fún ọ bá pọ̀ jù, ọ̀nà tí ó tọ́ wà: òfin fún ọ ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti kọ̀wé ṣàtakò.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn lẹ́mọ́mù àti àwọn baba àdínì nìyí. Nínú mọ́sálásí wa ni àwọn akáńtáǹtì ti ń kírun ní sáàfù kan náà pẹ̀lú fọkanáísà. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jókòó lẹ́yìn ìrun Ásárì lọ́jọ́ kan nínú oṣù, láti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ wa bí a ti ń kọ owó tí ó wọlé àti èyí tí ó jáde. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ kí oṣù kẹta tó ká wa mọ́. Láàdá ńlá ni.

Kí Ọlọ́run Ọba fi àlùbáríkà sí òwò wa, kí Ó sì jẹ́ kí ìṣirò wa rọrùn láyé àti ní ọ̀run. Àmín.