Ilẹ̀ onípákó: ẹ má bi mí pé igi wo ni, ẹ bi mí pé ó ti gbẹ tó?

Kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí Instagram kì í gbé ilẹ̀ onípákó wá bá mi. Ilẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, tó ń dán bíi dígí, ẹnì kan fi ẹsẹ̀ lásán dúró lórí ẹ̀, ife tíì lọ́wọ́. Ó wuyì, mi ò ní purọ́. Ẹ wá wo ohun táwọn èèyàn ń bèèrè nísàlẹ̀ àwòrán náà: "Igi wo nìyí? Èló ni?" Ìbéèrè méjèèjì dáa, àmọ́ èyí tó ṣe kókó jù lọ kò sí níbẹ̀. Pákó yẹn, omi mélòó ló ṣì wà nínú ẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ o. Púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń tà fún wa pé ó jẹ́ pákó kì í ṣe pákó. Laminate ni, ìyẹn lẹ́búlẹ́bú igi tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀, tí wọ́n wá lẹ bébà tí àwòrán igi wà lára ẹ̀ mọ́ ọn lórí. Òmíràn tiẹ̀ jẹ́ rọ́bà pátápátá. Mi ò bú u. Bó bá jẹ́ pé ẹ ń gba ilé gbé ní Yaba, tí lánlọ́ọ̀dù lè sọ̀rọ̀ owó tuntun lọ́dún tó ń bọ̀, laminate ni kí ẹ rà jàre, ẹ má fi ìrókò ṣe ilé onílé lọ́ṣọ̀ọ́. Ẹni tó ń kọ́ ilé tirẹ̀ ni mò ń bá wí, ẹni tó fẹ́ pákó gidi tó nípọn tó mílímítà 18 sí 20, tó jẹ́ igi látòkè délẹ̀, tí wọ́n lè fá lójú lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta kó tún dà bíi tuntun.

Irú pákó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí wa. Ẹni tó bá ti sun ìsàlẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta rí á mọ ìró ẹsẹ̀ àwọn ará òkè, gbì, gbì, gbì, látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Pákó lásán ni wọ́n tẹ́ sórí ìtì igi. Ọ̀pọ̀ ọdún ti kọjá lórí wọn, wọn ò tíì ṣíra. Àwọn èèyàn á ní igi ayé ọjọ́un ló le. Èmi ò rò pé ìyẹn nìkan ni. Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ lókè pákó yẹn náà ló ń fẹ́ nísàlẹ̀ ẹ̀. Fèrèsé wà ní ṣíṣí, kò sí AC, kò sí kọnkéré tútù tó fara kàn án lábẹ́. Tiwa ńkọ́? Kọnkéré lábẹ́, AC lókè.

Pákó máa ń mu omi látinú afẹ́fẹ́, á sì tún tu ú jáde. Tó bá mu ún, á wú síbùú. Gígùn ẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà. Tó bá gbẹ, á sún kì. Igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé lè gbé omi tó wúwo ju ìdajì igi náà fúnra ẹ̀ lọ. Ẹ ra irú ẹ̀ lóṣù keje ní ọjà pákó, káfíńtà fá a lọ́jọ́ kejì, ó kàn án mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ kẹta, ẹ tan AC. Kí ọyẹ́ tó dé, àlàfo tí owó ẹyọ lè jábọ́ sí ti wà láàárín pákó. Tí omi bá sì ń gòkè látinú kọnkéré, ìsàlẹ̀ pákó á wú ju òkè lọ, etí ẹ̀ méjèèjì á gbéra, ilẹ̀ yín á dà bí ìgbà téèyàn to ìpè ẹja.

Nínú yàrá tí AC ń ṣiṣẹ́ dáadáa, pákó tí omi inú ẹ̀ kò ju ìdá 10 sí 12 nínú 100 lọ ni mo lè gbà kí wọ́n kàn. Sísá a sí ìta l'Ékòó lásìkò òjò kò lè gbé e débẹ̀, torí afẹ́fẹ́ gan-an tutù. Ẹ̀rọ ìgbẹ́pákó ni yóò ṣe é, tàbí kí ẹ tò ó sínú yàrá tí wọ́n máa tẹ́ ẹ sí, kí ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín wọn kí atẹ́gùn lè kọjá. (NEPA náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí: AC tó ń ṣiṣẹ́ lónìí, tó sinmi lọ́la, ń dá pákó lóró.) Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n ń gún mọ́ pákó tó ń sọ iye omi inú ẹ̀. Tí káfíńtà yín kò bá ní i, ẹ wọn pákó kan lórí òṣùwọ̀n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tí ìwọ̀n ẹ̀ kò bá dín kù mọ́, òun àti yàrá yẹn ti mọwọ́ ara wọn.

Kọnkéré náà ńkọ́? Ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ ọ̀rá funfun mọ́ ọn lójú, kí ó wà bẹ́ẹ̀ di ọjọ́ kejì. Tí ọ̀rá bá làágùn nínú, ẹ má tíì pe káfíńtà.

Ní ti irú igi, apá ni mo fẹ́ràn jù torí kì í sún kì púpọ̀. Ìrókò dáa. Ọ̀gánwó lẹ́wà, àmọ́ bàtà gogoro á máa dá a lápàá. Arère rọ̀ jù fún ilẹ̀. Àmọ́ lọ́dún 2022, ní ìpàdé CITES tó wáyé ní Panama, wọ́n fi apá àti ọ̀gánwó ilẹ̀ Áfíríkà sára àwọn igi tí wọ́n ń ṣọ́ òwò wọn láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, torí wọ́n ń tán lọ. Ìyẹn ló ń bí mi nínú. Igi tó ti dàgbà kí wọ́n tó bí bàbá yín, ẹ tẹ́ ẹ ní tútù, ẹ tú u dànù lẹ́yìn ọdún méjì, ẹ wá lọ ra táìsì. Tó bá jẹ́ èmi, tíìkì tí wọ́n gbìn lóko ni n óò rà, kí n fi owó tó bá ṣẹ́kù gbẹ ẹ́.

Ẹ má sì di gbogbo ẹ̀bi ru káfíńtà. Èyí tó bá ní kí ẹ dúró oṣù méjì, ẹ ó ní kò mọṣẹ́, ẹ ó gbé e fún ẹni tó lè parí ẹ̀ kó tó di Kérésì. Èyí tó bá fi àlàfo mílímítà 10 sí 15 sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kí pákó lè ráyè wú, ẹ ó ní ó wọn yàrá yín ṣì. Skirting ló ń bo àlàfo yẹn, ẹ fi í sílẹ̀ fún un.

Bí mo bá ń kọ́lé lónìí, ọjọ́ tí wọ́n bá parí òrùlé ni n óò lọ ra pákó, kí ó wà ní títò sábẹ́ òrùlé náà, kí wọ́n ti fín oògùn ikán sí ilẹ̀, títí wọn yóò fi rẹ́ ògiri, kun ọ̀dà, tí wọn yóò sì so AC kọ́. Fáńíṣì tí gbogbo wa ń wò nínú fọ́tò, òun la máa rà kẹ́yìn.