Ọ̀dà Kọ́ Ló Ń Tún Ọkọ̀ Fáíbà Ṣe

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí, àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni. Wọ́n á ní kí ló kan obìnrin kan ọkọ̀ tí apẹja ń tún ṣe lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Owó ta ni wọ́n fi ń tún un ṣe? Ṣebí àwa náà là ń kó àjọ, tí a ń gbé owó rẹ̀ fún apẹja, kí ó lè máa kó ẹja rẹ̀ wá fún wa? Bí ẹ́ńjìnnì bá ré bọ́ sínú ọ̀sà, owó wa ló bá a lọ, bí kò bá tilẹ̀ mú ẹ̀mí dání.

Láti ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí bẹntiróòlù, tí náírà náà sì já wálẹ̀, ọkọ̀ tuntun ti di ohun tí à ń fi ojú wò lásán. Ìdí nìyí tí àwọn mìíràn fi ń ra ògbólógbòó ọkọ̀ fáíbà tí wọ́n pa tì sétí omi, tí wọ́n ń gbé e wá sílé láti tún un ṣe. A ò lòdì sí i o. Ohun tí a lòdì sí ni pé ìparí iṣẹ́ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀dà ni wọ́n kọ́kọ́ ń rà! Wọ́n á kun ún ní búlúù àti funfun, wọ́n á kọ “Ìfẹ́ Olúwa” sí i lára, gbogbo wa á máa pàtẹ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ inú ni àrùn wà. Fáíbà kì í jẹrà bíi igi lóòótọ́, ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ irú ọkọ̀ yìí, pákó ló wà nínú ìdí ọkọ̀ níbi tí wọ́n ń gbé ẹ́ńjìnnì kọ́, igi náà ló sì wà lábẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀. Ihò bóòtù kan ṣoṣo tí wọn ò dí dáadáa, omi á gba ibẹ̀ wọlé, pákó á máa jẹrà lábẹ́lẹ̀, ojú ò ní rí i. Ọjọ́ tí ẹ́ńjìnnì ńlá bá fà á lójú ìgbì, ìdí ọkọ̀ lè ya.

Kí wọ́n mú òòlù kékeré, kí wọ́n máa fi kan ara ọkọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ibi tó le, ohùn rẹ̀ á já gaara; ibi tó ti jẹrà, ohùn rẹ̀ á kú. Àwa tí à ń lu àgbọn kí a tó rà á, ṣé ìyẹn le fún wa ni? Bí wọ́n bá ń ṣiyèméjì, kí wọ́n lu ihò kékeré. Bí igi tó jáde bá tutù, tó sì dúdú, kí wọ́n yọ pákó náà, kí wọ́n fi tuntun sí i. Fóòmù abẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀ náà lè mu omi yó. Líta omi kan, kílò kan ni. Ọkọ̀ tó bá mu líta 100, àpò sìmẹ́ǹtì méjì ló ń gbé kiri. Bẹntiróòlù tí ìyẹn ń jẹ, orí agbọ̀n ẹja wa ni wọ́n ń gbé e lé.

Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n wá ha ojú fáíbà títí dídán rẹ̀ á fi kúrò. Rẹ́sìn kì í lẹ̀ dáadáa mọ́ ojú tó ń dán tàbí tó lómi. Ẹni tó kàn fi àlẹ̀mọ́ lé ojú ihò bí ẹni lẹ ìwé mọ́ ògiri, yóò ṣí ni. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn sì ni iṣẹ́ yìí dára jù, kì í ṣe oṣù kẹfà.

Èyí tó ń bà wá lẹ́rù jù ni iná. Àgbàlá kan náà tí a ń yan ẹja ni wọ́n ń po rẹ́sìn! Oru tó ń jáde lára rẹ̀ ń gbaná. Eruku fáíbà sì ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, ó ń bà sórí ẹja tí a sá. Kí wọ́n gbé ọkọ̀ jìnnà sí ààrò, kí wọ́n fi nǹkan bo imú. Hádinà tí wọ́n ń kán sí rẹ́sìn, bíi 1 sí 2 nínú 100 ni. Bí ó bá ta sí ojú, ó lè fọ́ ọ. Bí wọ́n bá da òun àti kóbọ́ọ̀tì pọ̀ ní tààrà, ó lè bú gbàmù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sínú ike omi mímu. Ọmọdé ò mọ̀ ọ́n yàtọ̀.

Ní tiwa o, díẹ̀díẹ̀ ni kí owó ọkọ̀ máa jáde. Owó pákó àti rẹ́sìn ni kó ṣáájú, owó ọ̀dà ni kó kẹ́yìn. Ẹni tí apẹja rẹ̀ bá ń wá owó lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, kí ó lọ sẹ́yìnkùlé náà fúnra rẹ̀, kí ó sì mú òòlù dání.