Rushden & Diamonds: Ẹgbẹ́ tí bàtà gbé gòkè, tí bàtà sì já sílẹ̀

Ní ọjọ́ 21 oṣù keje ọdún 2025, òfin tuntun kan fìdí múlẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí ìṣàkóso bọ́ọ̀lù aláfẹsẹ̀gbá. Òfin náà dá àjọ olómìnira kan sílẹ̀, èyí tí kò sí lábẹ́ àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tàbí àwọn tó ń darí líìgì. Iṣẹ́ àjọ náà ni láti máa yẹ ìwé owó àwọn ẹgbẹ́ wò, àti láti mọ irú ẹni tí ẹni tó fẹ́ ra ẹgbẹ́ jẹ́ àti ibi tí owó rẹ̀ ti ń wá.

Ẹgbẹ́ 116 ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Àwọn olówó rẹpẹtẹ bíi Arsenal àti Manchester United wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ ìpele karùn-ún náà wà níbẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ ìlú kéékèèké tí kò tíì wọ inú àwọn ẹgbẹ́ 92 tí ó wà nínú líìgì ńlá.

Ẹni tó bá ń béèrè pé kí ló kan ìjọba pẹ̀lú ẹgbẹ́ ìlú kékeré, kí ó fetí sí ìtàn Rushden & Diamonds. Láàárín ọdún 19 péré ni ẹgbẹ́ yìí di ẹni ńlá, tí ó sì di àwátì.

Ìlú àwọn aránbàtà

Rushden àti Irthlingborough jẹ́ ìlú méjì tí kò jìnnà síra wọn ní ẹkùn Northamptonshire, láàárín gbùngbùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí àdìrẹ ṣe jẹ́ fún Abẹ́òkúta, tí aṣọ òfì sì jẹ́ fún Ìsẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni bàtà ṣe jẹ́ fún agbègbè náà. Baba ń rán bàtà, ọmọ ń rán bàtà, ilé-iṣẹ́ bàtà ni ọ̀pọ̀ ìdílé sì ti ń jẹun.

Ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tirẹ̀. Ọdún 1889 ni wọ́n dá Rushden Town sílẹ̀. Irthlingborough Diamonds ní tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1946, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Àwọn méjèèjì kì í ṣe ẹgbẹ́ olówó. Àwọn ará ìlú ló ń wò wọ́n, àwọn ará ìlú náà ló sì ń gbé wọn ró.

Ìdílé kan tó gbajúmọ̀ nídìí bàtà lágbègbè náà ni ìdílé Griggs. Àwọn ló ń ṣe bàtà Dr. Martens, èyí tí ọ̀pọ̀ mọ̀ káàkiri ayé. Dókítà ará Jámánì kan, Klaus Märtens, ló kọ́kọ́ ro irú bàtà bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí ó fi ọrùn ẹsẹ̀ ṣèṣe lọ́dún 1945, tí ó sì ń wá bàtà tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ rọ̀. Ìdílé Griggs gba àṣẹ láti máa ṣe é. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 1960 ni èyí àkọ́kọ́ jáde ní Wollaston, abúlé kan tí kò jìnnà sí Rushden. Àwọn òṣìṣẹ́ alágbára ló kọ́kọ́ ń wọ̀ ọ́, kí àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn olórin tó sọ ọ́ di bàtà fàájì.

Nígbà tí olówó dé

Lọ́dún 1992, Max Griggs, tí í ṣe olórí ilé-iṣẹ́ bàtà náà, ló wà nídìí bí wọ́n ṣe so ẹgbẹ́ méjèèjì pọ̀ di ọ̀kan. Orúkọ méjèèjì ni wọ́n pa pọ̀: Rushden & Diamonds. Griggs kọ́ pápá ìṣeré Nene Park sí Irthlingborough, èyí tó gba òǹwòran tó lé ní 6,000. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, gbogbo ará Irthlingborough kò pé 10,000.

Kí àwọn ènìyàn tó ṣẹ́jú pẹ́, ẹgbẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Wọ́n gòkè lọ́dún 1994, wọ́n tún gòkè lọ́dún 1996, wọ́n sì bọ́ sí ìpele karùn-ún. Brian Talbot, tó ti gba bọ́ọ̀lù fún Ipswich àti Arsenal rí, di akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn lọ́dún 1997. Ní oṣù kìíní ọdún 1999, Leeds United, ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ tó lágbára jù nígbà náà, wá bá wọn fún ìdíje Ife FA ní Nene Park. Òmì ayò 0-0 ni wọ́n gbá. Ìgbà tí wọ́n pàdé lẹ́ẹ̀kejì nílé Leeds ni ọwọ́ tó tẹ̀ wọ́n pẹ̀lú ayò 3-1.

Lọ́dún 2001, Rushden & Diamonds gba ife ìpele karùn-ún, wọ́n sì wọ inú líìgì ńlá. Ní ọdún 2003, wọ́n tún gba ife ìpele kẹrin. Ọjọ́ tí ìdíje parí gan-an ni wọ́n rí i gbà, nígbà tí wọ́n gbá òmì 1-1 pẹ̀lú Hartlepool. Ọjọ́ ayọ̀ ńlá ni. Ẹgbẹ́ tí kò tíì pé ọdún 11 tí wọ́n dá a sílẹ̀ ti dé ìpele kẹta nínú bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀

Ṣùgbọ́n ní ọdún 2003 yẹn kan náà, ohun mìíràn ń ṣẹlẹ̀ tí kò yẹ fún ijó. Ọjà bàtà ti dẹnu kọlẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Griggs ti kéde pé àwọn yóò kó ọ̀pọ̀ jùlọ iṣẹ́ àwọn lọ sí ilẹ̀ Ṣáínà, níbi tí owó iṣẹ́ ti kéré. Òṣìṣẹ́ tó lé ní 1,000 ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Bí wọ́n ṣe ń gbé ife kiri ní Nene Park ni àwọn ilé-iṣẹ́ tí owó ẹgbẹ́ náà ti ń wá ń ti ilẹ̀kùn.

Láti ibẹ̀ ni ọwọ́ Griggs ti kúrú. Àwọn agbábọ́ọ̀lù tí owó oṣù wọn pọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, Talbot náà sì fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Lọ́dún 2004, wọ́n já bọ́ sí ìpele kẹrin. Lọ́dún 2005, Griggs fa ẹgbẹ́ náà àti pápá rẹ̀ lé àwọn alátìlẹ́yìn lọ́wọ́. Lọ́dún 2006, wọ́n tún já bọ́ kúrò nínú líìgì ńlá, wọ́n padà sí ìpele karùn-ún tí wọ́n ti wá.

Ẹgbẹ́ náà tún bọ́ sọ́wọ́ àwọn olówó mìíràn, ṣùgbọ́n gbèsè ń ga sí i. Ní oṣù kẹfà ọdún 2011, àwọn aláṣẹ líìgì yẹ ìwé owó wọn wò, wọn kò sì rí ohun tó lè fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀ pé ẹgbẹ́ náà yóò lè gbá ìdíje ọdún tó ń bọ̀ parí. Wọ́n yọ wọ́n kúrò. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni wọ́n kó ẹgbẹ́ náà palẹ̀ mọ́ pátápátá. Kettering Town, tí í ṣe ọ̀tá wọn nínú bọ́ọ̀lù, wá lo Nene Park fúngbà díẹ̀, ṣùgbọ́n pápá ńlá náà kọjá agbára tiwọn náà. Lọ́dún 2017, wọ́n wó Nene Park lulẹ̀.

Ta ló jẹ̀bi?

Ó rọrùn láti di ẹ̀bi ru Max Griggs, ṣùgbọ́n ìyẹn kò ní tọ̀nà. Kò jí owó ẹgbẹ́. Owó tirẹ̀ ló ń ná. Kò sì ta pápá náà fún oníṣòwò ilẹ̀ nígbà tó ń lọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ó kọ́ ilé tí àwọn tó kù nínú ẹbí kò lè san owó iná rẹ̀. Owó tí òǹwòran ń san lẹ́nu ọ̀nà kò tó owó oṣù àwọn agbábọ́ọ̀lù, bàtà ló ń dí àlàfo náà. Nígbà tí bàtà kò tà mọ́, àlàfo náà di ọ̀gbun. Kódà àwọn alátìlẹ́yìn tó gba ẹgbẹ́ náà, ogún tó ju agbára wọn lọ ni wọ́n jẹ.

Àwọn àgbà ní ilẹ̀ Yorùbá kò ní ṣàì rántí irú èyí. Leventis United ti Ìbàdàn gba ife líìgì Nàìjíríà lọ́dún 1984 àti 1986. Abiola Babes ti Abẹ́òkúta gba Ife Challenge lọ́dún 1985 àti 1987. Ilé-iṣẹ́ Leventis ló ń bọ́ ti àkọ́kọ́, àpò Olóyè M.K.O. Abíọ́lá ló ń gbé èkejì ró. Lónìí, kò sí ọ̀kankan nínú wọn mọ́. Kì í ṣe pé wọn kò mọ bọ́ọ̀lù gbá. Ọwọ́ kan ṣoṣo ló gbé wọn dání, ọjọ́ tí ọwọ́ náà sì tú, ilẹ̀ ni wọ́n bọ́ sí.

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tó yẹ kí ènìyàn rò. Dr. Martens kò kú. Ọjà rẹ̀ sọjí, wọ́n tà á fún àwọn olùdókòwò lẹ́yìn náà, lọ́dún 2021 sì ni ìpín ìdókòwò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní ọjà ìdókòwò Lọ́ńdọ̀nù. Bàtà tún rí ẹsẹ̀ wọ̀, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí bàtà bí kò sí nílé mọ́.

Àwọn tó tún un bẹ̀rẹ̀

Àwọn alátìlẹ́yìn kò jókòó máa sunkún. Ní ọdún 2011 náà ni wọ́n dá AFC Rushden & Diamonds sílẹ̀. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló ni ín, ìbò kan ni ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ní, yálà olówó ni tàbí mẹ̀kúnnù. Nítorí pé àsìkò ti lọ, àwọn ọ̀dọ́ nìkan ni wọ́n rí kó jọ fún ìdíje ọdún àkọ́kọ́. Lọ́dún 2012 ni àwọn àgbà tó bẹ̀rẹ̀, ní ìpele ìsàlẹ̀, ní pápá tí wọ́n yá lò ní ìlú Wellingborough.

Ọdún 2017, tí wọ́n wó Nene Park, ni ẹgbẹ́ tuntun náà kó lọ sí Hayden Road ní Rushden. Ibẹ̀ ni Rushden Town ti ń gbá bọ́ọ̀lù tẹ́lẹ̀ kí owó bàtà tó dé. Pápá náà kò ní ọ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n ìlú padà rí ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Ohun tí òfin lè ṣe àti èyí tí kò lè ṣe

Òfin ọdún 2025 ní ìwúlò. Bí ó bá ti wà láyé Rushden & Diamonds, ẹnìkan ìbá ti béèrè pé bí Griggs bá lọ lọ́la, ta ni yóò san owó yìí? Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù ní ìpele márùn-ún òkè gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lábẹ́ òfin náà, kí ó sì fi hàn pé òun ní ètò lórí owó. Kò tún lè dédé fi pápá rẹ̀ sílẹ̀ láìgba àṣẹ, ó sì gbọ́dọ̀ máa gbọ́ ti àwọn alátìlẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n òfin kò lè fún ìlú kékeré ní owó tí kò ní. Kò sì lè mú kí àwọn ènìyàn kọ owó olówó nígbà tí ife ń wọlé. Àwọn ará Rushden gbádùn ọdún mẹ́wàá tí ìlú bíi tiwọn kì í sáábà rí, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ní kábàámọ̀ rẹ̀ títí ayé. Agbójú lógún ló fi ara rẹ̀ fún òṣì ta. Ìlú tó bá rí olówó tó fẹ́ gbé ẹgbẹ́ rẹ̀ ga, kí ó kí i káàbọ̀, kí ó sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kí ìlú náà má ṣe jẹ́ kí ọwọ́ tirẹ̀ kúrò nídìí ẹrù náà, nítorí pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí olówó yóò sọ ọ́ kalẹ̀.