Ìjẹ́wọ́ Abẹ́ Pàṣán

Yálà nínú ilé ni, níwájú àlùfáà ni, tàbí níbi tí àwọn àgbà ti ń parí ìjà, iṣẹ́ kan náà ni ìjẹ́wọ́ ń ṣe láàárín àwa ènìyàn: ẹni tí ó ṣẹ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí ó ṣe, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ mọ òtítọ́, àtúnṣe sì rí ọ̀nà gbà wọlé. Àmọ́ bí ó bá jẹ́ pàṣán ni ó fa ọ̀rọ̀ náà jáde, ohun tí a gbọ́ kò ju igbe ẹni tí ìyà ń jẹ lọ.

Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà kò ṣiyèméjì lórí èyí. Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 kọ ìjẹ́wọ́ tí wọ́n bá fi ìnilára gbà. Òfin Ìgbẹ́jọ́ Ọ̀daràn ti ọdún 2015 fi àyè sílẹ̀ fún agbẹjọ́rò láti jókòó ti afurasí, àti fún fídíò láti gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Òfin tí ó ka ìdálóró léèwọ̀ sì tẹ̀ lé e ní ọdún 2017. Síbẹ̀, ohun tí àwọn ènìyàn jáde sọ ní ọdún 2020, nígbà ìfẹ̀hónúhàn EndSARS tí wọ́n fi tako ìwà ìkà ọlọ́pàá àti níwájú àwọn ìgbìmọ̀ ìwádìí tí ó tẹ̀ lé e, fi hàn pé àwọn òfin wọ̀nyí kò tíì rìn dé inú àhámọ́ ọlọ́pàá, níbi tí ẹni tí kò mọ̀wé ti ń tẹ àtàǹpàkò sábẹ́ ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ.

Àdánù irú ìjẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀ kò mọ sọ́dọ̀ ẹni tí wọ́n nà. Ní kété tí afurasí bá ti ní òun ni, ìwádìí parí, ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ ibi gan-an ń yan fanda ní ìgboro, ẹni tí wọ́n ṣe ní ibi sì rò pé ọwọ́ ti tẹ ọ̀tá òun. Bí ẹjọ́ bá dé kóòtù, tí afurasí sì ní wọ́n fi ipá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu òun ni, adájọ́ yóò kọ́kọ́ jókòó gbọ́ bí wọ́n ṣe rí ọ̀rọ̀ náà gbà. Bí ó bá sì dà á nù, tí kò sí ẹ̀rí mìíràn nílẹ̀, bí afurasí náà bá tilẹ̀ jẹ̀bi, ó lè lọ lómìnira.

Kì í ṣe àgọ́ ọlọ́pàá nìkan ni àṣà yìí fìdí sí. Ọmọ tí wọ́n nà nítorí ẹran inú ìkòkò yóò ní òun ni òun jẹ ẹ́, kí pàṣán lè dúró. Àwọn èrò ọjà tí ó lu afurasí títí ó fi sọ̀rọ̀ yóò sì tú ká pẹ̀lú ìdánilójú pé àwọn ti rí olè mú. Irú ilé àti ọjà bẹ́ẹ̀ ni ọlọ́pàá ti jáde wá.

Ìdájọ́ wa ni pé kí ilé ẹjọ́ má ṣe fi ọ̀rọ̀ inú àhámọ́ dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi bí kò bá sí agbẹjọ́rò tàbí fídíò tí ó jẹ́rìí sí i, kí ọ̀gá ọlọ́pàá tí wọ́n bá dá ènìyàn lóró lábẹ́ rẹ̀ sì fojú ba kóòtù. Ẹni tí ó bá ń wá òtítọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà kí ẹnu náà lè sọ pé, “Èmi kọ́.”