Epo, Òróró àti Ẹ̀jẹ̀ Alátọ̀gbẹ

Ó ti di àṣà àwọn kan láti máa gba alátọ̀gbẹ níyànjú pé kí ó máa mu ṣíbí òróró ólífì kan láràárọ̀, kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ má baà dì. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe irọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀ káàtó.

Nígbà tí ọ̀bẹ bá gé wa lọ́wọ́, àwọn ohun wẹ́wẹ́ kan nínú ẹ̀jẹ̀, tí ojú lásán kò lè rí, a máa sáré wá láti dí ojú ọgbẹ́ náà. Iṣẹ́ rere ni èyí. Ṣùgbọ́n nínú ara alátọ̀gbẹ, wọn a máa yára lẹ̀ mọ́ ara wọn ju bí ó ti yẹ lọ, ẹ̀jẹ̀ tí ó dì náà kì í sì í tètè yọ́. Bí ó bá dí iṣan tí ó lọ sí ọpọlọ, àrùn rọpárọsẹ̀ dé. Bí ó bá dí ti ọkàn, ẹ̀mí lè bọ́.

Ní ilẹ̀ Spéìn, àwọn oníṣègùn ṣe ìwádìí lára àgbàlagbà 7,447, tí bí ìdajì wọn ní àtọ̀gbẹ. Wọ́n ní kí àwọn kan máa lo òróró ólífì dáadáa pẹ̀lú ẹ̀wà, ẹja àti ẹ̀fọ́. Wọ́n ní kí àwọn mìíràn dín gbogbo ọ̀rá kù. Wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2013. Lẹ́yìn náà ni a rí àṣìṣe nínú bí wọ́n ti pín àwọn ènìyàn náà. Wọ́n jẹ́wọ́ rẹ̀ ní gbangba (ohun tí ó yẹ ká yìn wọ́n fún), wọ́n tún ìṣirò náà ṣe, wọ́n sì tún un tẹ̀ ní 2018. Síbẹ̀, àwọn tí àìsàn ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀ kọlù kò pọ̀ tó láàárín àwọn olóróró, pàápàá ti rọpárọsẹ̀.

Ẹ kíyèsí i pé wọn kò mu ún bí oògùn. Dípò ọ̀rá mìíràn ni wọ́n fi í se oúnjẹ. Alátọ̀gbẹ tí ó jẹ ọbẹ̀ tí epo léfòó lórí rẹ̀, tí ó tún mu ṣíbí òróró lé e, ẹrù ni ó fi kún ẹrù. Oúnjẹ tí ọ̀rá kún a máa jí ọ̀kan nínú àwọn ohun tí ń mú ẹ̀jẹ̀ dì dìde fún wákàtí mélòó kan, ìbáà ṣe ti òróró ólífì.

Òróró ólífì wọ́n; a kò ní kí ẹnikẹ́ni yáwó rà á. Nínú epo pupa, bí ìdajì ni irú ọ̀rá tí kò bá ọkàn lára mu. Nínú àdín, ó ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún lọ. Nínú òróró ẹ̀pà, bí ìdá kan nínú márùn-ún ni. Ẹ fi òróró ẹ̀pà rọ́pò àdín, kí ẹ sì máa fi ṣíbí wọ̀n ọ́n, ẹ má ṣe máa dà á láti inú ìgò.

Níti ẹni tí oníṣègùn fún ní oògùn warfarin, kí ó sọ fún un kí ó tó yí òróró rẹ̀ padà, nítorí òróró sóyà àti ti ólífì ní fítámìnì K, èyí tí ẹ̀jẹ̀ fi ń dì.