Ẹ Ṣe Fídíò Yín, Ṣùgbọ́n Ẹ Má Sọ Ọmọ Di Ọjà

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ jọ sọ lọ́tẹ̀ yìí jẹ mọ́ iṣẹ́ kan tí kò sí láyé àwọn bàbá wa, ṣùgbọ́n tí ó ti wọ ilé púpọ̀ nínú wa báyìí. Iṣẹ́ àwọn tí ń ṣe fídíò sórí íntánẹ́ẹ̀tì ni. Àwọn ọ̀dọ́ ń pè é ní kọ́ńtẹ́ǹtì. Ẹnì kan ń ṣe àwàdà, ẹnì kan ń kọ́ni ní oúnjẹ sísè, ẹlòmíràn ń fi aṣọ rírán han aráyé, òmíràn sì ń sọ ìtàn ilé ọkọ rẹ̀. Fóònù ni ṣọ́ọ̀bù wọn. YouTube, Facebook, Instagram àti TikTok ni ọjà wọn.

Àwọn òbí kan kò ka èyí sí iṣẹ́ rárá. Bí wọ́n bá bá ọmọ wọn níwájú fóònù, wọn a ní ọ̀lẹ ni. Àwọn òbí mìíràn ẹ̀wẹ̀, àwọn gan-an ni wọ́n gbé fóònù dání, ọmọ wọn ni wọ́n sì ń yà ní fídíò láti àárọ̀ títí di alẹ́. Apá méjèèjì ni a fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ gidi ni iṣẹ́ yìí, kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe é ṣe é bí iṣẹ́. Ṣùgbọ́n omijé ọmọ, ìtìjú ọmọ àti àṣírí ọmọ kò sí lára ohun tí a lè pàtẹ.

Báwo ni owó rẹ̀ ṣe ń wọlé?

Ó yẹ kí òbí mọ èyí, kí ó má baà máa bú ọmọ lásán, kí ó má sì máa lá àlá owó tí kò sí. Àwọn ilé iṣẹ́ tó fẹ́ ta ọjà ni wọ́n ń sanwó ìpolówó. Ní 2005 ni YouTube bẹ̀rẹ̀, Google rà á ní 2006, nígbà tó sì di 2007, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pín owó ìpolówó pẹ̀lú àwọn tó ni fídíò. Nínú 100 náírà tí ìpolówó bá mú wá lórí fídíò gígùn, 55 ni ti ẹni tó ṣe é. Ní ti Facebook, ọdún 2024 ni Meta tó ni ín ṣí ọ̀nà fún àwọn ará Nàìjíríà láti máa gba irú owó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí YouTube tó pín owó ìpolówó fún èèyàn, 1,000 ènìyàn gbọ́dọ̀ ti máa tẹ̀lé e, kí àwọn ènìyàn sì ti wo fídíò rẹ̀ fún wákàtí 4,000 láàárín oṣù 12. Ẹni tó jẹ́ pé fídíò kékeré ló ń ṣe ní láti ní 10 mílíọ̀nù ìwòran láàárín 90 ọjọ́. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Wákàtí 4,000 jẹ́ ìṣẹ́jú 240,000. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá wo ìṣẹ́jú 4, a jẹ́ pé ìgbà 60,000 ni wọ́n ní láti wo fídíò náà. Owó tó bá sì wọlé kò ní jáde sí báńkì títí yóò fi pé 100 dọ́là. Ìjọba Amẹ́ríkà sì ń yọ 30 nínú 100 gẹ́gẹ́ bí owó orí nínú èyí tó bá ti ọ̀dọ̀ àwọn òǹwòran Amẹ́ríkà wá, nítorí Nàìjíríà kò ní àdéhùn owó orí pẹ̀lú wọn. Ẹ wá ro owó dátà, owó iná àti epo jẹnẹrétọ̀ mọ́ ọn.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ọmọ tó dúró ti iṣẹ́ yìí kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ náà, kì í ṣe ọ̀nà owó òjijì. Ẹ ní ìwé tí ẹ ń kọ owó tó wọlé àti èyí tó jáde sí. Ẹ má gba owó polówó oògùn tí ẹ kò mọ̀ tàbí ètò sísọ owó di ìlọ́po méjì, nítorí orúkọ yín ni àwọn tó bá kó sí gbèsè yóò máa dá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan ọmọ

Nígbà tó jẹ́ pé iye ojú tó ń wò ni owó, ẹni tó ń ṣe fídíò yóò máa wá ohun tí yóò mú kí èèyàn dúró wò. Kò sì sí ohun tó ń mú èèyàn dúró tó ọmọdé. Ọmọ tó ń sunkún, ọmọ tó dá ìyá rẹ̀ lóhùn láìbìkítà, ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ibi ìkòkò ẹran, gbogbo èèyàn ni yóò rẹ́rìn-ín, tí wọn yóò sì fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Bí ọ̀kan bá ti rìn jìnnà, òbí a tún wá òmíràn. Bí ọmọ kò bá sunkún mọ́, a jẹ́ pé wọn yóò wá ohun tí yóò mú un sunkún. Ibẹ̀ ni ẹrù ti wọ ọmọ lọ́rùn.

A kò sọ pé ọmọ kò gbọdọ̀ ṣeré rárá. Emmanuella, ọmọbìnrin tó ń ṣeré nínú Mark Angel Comedy, kékeré ló ti bẹ̀rẹ̀, àwọn ènìyàn káàkiri ayé sì mọ̀ ọ́n. Ní 2020 ó fi ilé tí a kọ́ fún ìyá rẹ̀ han aráyé. Àwọn Ikorodu Bois náà wà, àwọn ọmọkùnrin láti Ìkòròdú tí wọ́n ń fi bárò, ìkòkò àti igi ṣe àfarawé fíìmù olówó ńlá. Ní 2020 Netflix fi ohun èlò iṣẹ́ ta wọ́n lọ́rẹ.

Ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. Eré ni àwọn ọmọ wọ̀nyí ń ṣe. Wọ́n mọ ohun tí wọn yóò sọ, wọ́n mọ̀ pé ènìyàn yóò wò ó, bí eré bá sì parí, wọn a padà di ara wọn. Kì í ṣe ìyà tí wọ́n jẹ nílé ní àárọ̀ ni wọ́n ń tà ní ọ̀sán. Ẹ tún wo Taaooma, obìnrin tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀. Ọ̀rọ̀ ìyá Yorùbá àti ọmọ rẹ̀ ló fi di olókìkí, bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣe ìyá, òun náà ló ń ṣe ọmọ. A gbá ọmọ létí nínú eré náà, kò sì sí ọmọ kankan tó dùn. Ó ṣeé ṣe nígbà náà láti fi ọ̀rọ̀ ilé pa aráyé lẹ́rìn-ín láìfi ọmọ ẹni ṣe ẹlẹ́yà.

Kí ni ewu rẹ̀?

Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni fídíò. Ẹ lè pa á rẹ́ lórí fóònù yín, ṣùgbọ́n ẹni tó ti gbé e sórí WhatsApp ti gbé e lọ. Ọmọ ọdún 4 tí ẹ yà níbi tó ti ń wẹ̀, yóò di ọmọ ọdún 14 ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ yóò rí i. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè nígbà náà, òun ni yóò sì ru ìtìjú rẹ̀. Àwọn tí ń wò ó náà kì í ṣe ẹni rere nìkan. Aṣọ ilé ìwé, ẹnu ọ̀nà ilé àti aago tí bọ́ọ̀sì ń gbé ọmọ, gbogbo rẹ̀ ni àjèjì lè fi mọ ibi tí yóò ti rí i.

Àwọn ìjọba ti ń dá sí ọ̀rọ̀ náà. Ilẹ̀ Faransé ṣe òfin ní 2020 fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16. Wọ́n ní kí a fi apá kan owó pamọ́ fún ọmọ, ọmọ náà fúnra rẹ̀ sì lè ní kí a yọ fídíò òun kúrò. Ní Amẹ́ríkà, òfin Illinois bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní July 2024, pé kí òbí tí ọmọ rẹ̀ ń hàn dáadáa nínú fídíò tó ń mówó wọlé fi ìpín ọmọ náà pamọ́ títí yóò fi pé ọdún 18. California tẹ̀lé e ní 2025. Lọ́dọ̀ tiwa, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 sọ ní abala 8 pé ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí àṣírí ara rẹ̀. Kò gba ọmọ lọ́wọ́ òbí, ṣùgbọ́n ó jẹ́ ká mọ̀ pé ọmọ kì í ṣe ẹrù.

Ẹni tó bá sì rò pé owó ńlá ló wà nínú fídíò ọmọdé, kí ó gbọ́ èyí. Ní 2019 Google àti YouTube gbà láti san 170 mílíọ̀nù dọ́là ní Amẹ́ríkà lórí ẹ̀sùn pé wọ́n ń kó ìsọfúnni nípa àwọn ọmọdé láìgba àṣẹ òbí. Láti January 2020, wọn kì í fi ìpolówó tó mọ ẹni sórí fídíò tí a ṣe fún ọmọdé mọ́, wọ́n sì ti ibi tí ènìyàn ti ń dá ọ̀rọ̀ sí i pa. Owó orí irú fídíò bẹ́ẹ̀ dín kù gan-an.

Ohun tí ìdílé lè ṣe

1. Ẹ bi ọmọ léèrè kí ẹ tó yà á, kí ẹ sì tún bi í kí ẹ tó gbé e síta. Bí ó bá ní òun kò fẹ́, ọ̀rọ̀ parí. Èyí tó kéré jù láti dáhùn, ẹ má gbé e síta.

2. Ẹ má ya ọmọ nígbà tó ń sunkún, nígbà tó ń ṣàìsàn, nígbà tí ẹ ń bá a wí tàbí nígbà tí kò wọṣọ.

3. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ ilé ìwé, àdúgbò àti àkókò ìjáde rẹ̀ hàn.

4. Bí iṣẹ́ ọmọ bá mówó wá, ẹ yọ ìpín tirẹ̀ sí báńkì lórúkọ rẹ̀, kí bàbá àti ìyá jọ mọ iye tó jẹ́.

5. Iṣẹ́ ilé ìwé àti oorun ló ṣáájú. Ọmọ tí a jí ní aago 11 òru láti tún fídíò ṣe ti di alágbàṣe.

6. Kí tọkọtaya jọ fẹnu kò. Bí bàbá kò bá fẹ́ kí ojú ọmọ hàn, kí ìyá má fi pamọ́ ṣe é. Bí ìyá ni kò bá fẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni.

Ó kan àwa náà nínú ìjọ. Ẹ̀yin olùkọ́ ọmọdé, ọmọ tí a fà lé yín lọ́wọ́ kì í ṣe tiyín láti gbé sórí Facebook. Ẹ gba ìyọ̀ǹda òbí rẹ̀ kí ẹ tó ṣe é. Ọmọ tó sì jáde wá sọ ìṣòro ilé wọn fún àdúrà, ẹnikẹ́ni má ṣe gbé fóònù sókè.

Lálẹ́ òní, kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì yẹn, ẹ ronú pé ọmọ náà ti pé ọdún 25, ó mú àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wálé, àwọn àna jókòó, ẹnì kan sì gbé fídíò yìí jáde nínú fóònù. Bí yóò bá lè bá wọn rẹ́rìn-ín, ẹ tẹ̀ ẹ́. Bí yóò bá dorí kodò, ẹ pa á rẹ́.

Ó dìgbà kan ná.