Kí A Tún Ìṣirò Kọ̀ǹpútà Ṣe
Inú wa dùn sí àwọn onímọ̀ tí ń fi kọ̀ǹpútà ṣírò irú ìmọ́lẹ̀ tí ohun kan yóò gbà mọ́ra, kí ẹnikẹ́ni tó ṣe ohun náà rárá. Ṣùgbọ́n ẹ wo sílíkọ́nì tí a fi ń ṣe pánẹ́ẹ̀lì oòrùn: agbára tí ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ ní kí sílíkọ́nì tó lè gbà á mọ́ra, ìlànà ìṣirò tí ó wọ́pọ̀ jù ń pè é ní bí ìdajì iye tí wọ́n wọ̀n. Lars Hedin, ará Sweden, gbé ìlànà tí ó sàn jù jáde ní 1965. Àkókò kọ̀ǹpútà ni ó ń jẹ púpọ̀. Ẹni tí yóò mú un yá gbọ́dọ̀ rí inú ìṣirò náà. A kí àwọn tí ó ṣe Quantum ESPRESSO, tí wọ́n ṣí i sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé. Ẹni tí ó bá ti tirẹ̀ pa, báwo ni a óò ṣe bá a tọ́ àṣìṣe tí a kò rí?